Àyè Ìka Méjì

Ìbírónkẹ́ ni ìyá mi sọ mí.
Lára pátákó ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì yìí ní Káńpọ̀sì
Rónì ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ,
wọ́n ní pátákó ò gùn tó.
Mo gbà. Owó tí wọ́n ń san náà ò gùn tó.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án,
bí wọ́n bá rí epo rà sí jẹnẹrétọ̀,
mo wọ aṣọ dúdú tí aránṣọ Ẹ̀búté-Mẹ́ta rán fún mi,
tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán,
mo dúró níwájú tábìlì mẹ́jọ,
mo ń kọrin yìnyín tó ń bọ́ bí òwú sórí òrùlé,
èmi tí mi ò mọ yìnyín ju inú kúlà Ìyá Ṣẹ́yẹ lọ.
Mo ń kọrin ewé tó ń já nílẹ̀ òkèèrè,
ṣùgbọ́n igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń wò,
tí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lásìkò ọyẹ́,
tí màmá á ní kí n gbá a,
tí mo bá gbá a tán, òmíràn á já sí mi lórí.
Àwọn tó ń mu bíà rò pé ìfẹ́ ló ń pa mí lẹ́kún.
Ilẹ̀ gbígbá ni.

Lọ́mọdé, nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì,
ọ̀gá wa a máa fi igi lu tábìlì:
“Ìbírónkẹ́, gbogbo ènìyàn ti ṣe Àmín tán,
ìwọ nìkan lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀!”
Ẹ wò ó, ó di iṣẹ́.
Pípẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi:
kí ìlù dé, kí n jẹ́ kó kọjá,
kí n wá tẹ̀ lé e
bí obìnrin tó ṣì ń wá bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Bàbá Sílífà ló ń tẹ dùùrù.
Ẹ̀gbà ti pa ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀,
wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé.
Ohùn méjì kò sí nínú gbogbo orin wa.
Mi ò bi í. Kò bẹ̀ mí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ihò yẹn,
mo gbé àga síbẹ̀, mo ta kọ́tìnì,
bí mo bá fẹ́ mí, ibẹ̀ ni mo ti ń mí.
Bí iná bá lọ, tí maikirofóònù kú,
a kì í dúró.
Yóò rọra tẹ̀ ẹ́, èmi á sún mọ́ ọn,
èéfín àbẹ́là á máa wọ̀ mí lọ́fun,
ẹnì kan á pariwo láti ẹ̀yìn, “Ẹ kọ èyí tá a mọ̀ fún wa!”
Mo máa ń rẹ́rìn-ín.
Tó bá pẹ́, ẹ ó mọ èyí náà.

Oṣù keje, nínú òjò, a sin ín.
Ọmọkùnrin kan rọ́pò rẹ̀, Adéfolú, ọmọ Yábàá,
ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹja inú ọ̀sà.
Ó tẹ gbogbo rẹ̀. Kò fo ọ̀kan.
Mo la ẹnu, mo dé ìdí àga mi,
ẹnì kan ti jókòó.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tọ́ sí i.
Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi gba orí Kátà Bíríìjì lọ sílé
mo bọ́ bàtà, mo ń tẹ orin náà lórí itan ara mi
pẹ̀lú ìka mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀ kejì, kó tó bẹ̀rẹ̀,
mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú,
mo ká ìka méjì wọnú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
“Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ báyìí ni, Màmá?”
Mo ní rárá o, ìwọ lo ni ọwọ́ rẹ.
Mo kàn fẹ́ kí o mọ ibi tí mo ń gbé ni.

Ó wo ọwọ́ náà títí.
Ó bẹ̀rẹ̀.
Mo jẹ́ kó kọjá.